Ẹ̀yin Méjèèjì, Mo So Yín Pọ̀

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ₦500 kan fi wà lápò àyà mi tí mi ò lè ná an. Kì í ṣe pé owó náà ya, kì í sì í ṣe pé owó pọ̀ lọ́wọ́ mi. Olùkọ́ ni mí, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Lọ́jọ́ kan ebi ń pa mí níléèwé, alákàrà ń kọjá lọ, mo tọwọ́ bàpò, ìka mi kan owó yẹn, mo bá yọ ọwọ́ mi lófìfo. Owó olówó ni. Ti màmá kan tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀ ni, mo sì gbé e lọ láìmọ̀.

Mo kọ "láìmọ̀" yẹn tán, mo wò ó, ó ṣe mí bíi kí n pa á rẹ́. Ẹ jẹ́ kó ṣì wà níbẹ̀ ná.

Tíṣà, ẹ gbàdúrà fún wa

Kàbà ni mò ń gbé. Iléèwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò wà lápá Ìjùmú. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni mo ti máa ń wà nínú Golf ní gáréèjì: èrò méjì níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn, ẹrù ní búùtù, bí búùtù bá sì kún, kálukú á gbé ẹrù rẹ̀ lé itan. Bí a bá dé oríta, màá sọ̀, màá gun ọ̀kadà wọ inú lọ. Ojoojúmọ́, ọ̀nà kan náà ni, àwọn òkè àpáta kan náà, ihò kan náà tí dírẹ́bà ti máa ń yà fún kó tó rí i.

Lágbègbè wa lóde òní, ọkọ̀ kì í ṣí láìgbàdúrà. Ìdí rẹ̀ kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni tó ń ná ọ̀nà láàárín Ọbájànà sí Ẹ̀gbẹ̀. Ọ̀nà kò dáa, àwọn ajínigbé sì ti jẹ́ ká máa fi ìbẹ̀rù wo igbó tí a fi ń ṣeré nígbà tí a wà lọ́mọdé. Dírẹ́bà á ki kọ́kọ́rọ́ bọ ojú rẹ̀, á bojú wẹ̀yìn, á ní, "Tíṣà, ẹ gbàdúrà fún wa." Mi ò mọ bó ṣe di tèmi. Ó kàn dé ìgbà kan tó jẹ́ pé bí mo bá ti wà nínú ọkọ̀, kò sẹ́ni tó tún ń wo ojú ẹlòmíràn.

Sáàmù 121 ni mo máa ń fi kádìí rẹ̀: "Olúwa yóò pa àlọ àti àbọ̀ rẹ mọ́ láti ìgbà yìí lọ àti títí láéláé." Ó wà lára sáàmù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, láti 120 dé 134, tí Bíbélì pè ní orin ìgòkè. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ Bíbélì dunjú gbà pé àwọn tó ń gòkè lọ ṣe àjọ̀dún ní Jerúsálẹ́mù ló máa ń kọ wọ́n lójú ọ̀nà. Orin àwọn tí ẹsẹ̀ ń ro ni. Mo máa ń ṣàlàyé èyí fún àwọn èrò, inú mi á sì dùn sí àlàyé ara mi. (Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wọn kàn fẹ́ kí n tètè dé "àmín" kí ọkọ̀ ṣí ni.)

Lẹ́yìn àmín, màá ki íápíìsì sétí. Mo ti pinnu pé mi ò ní jẹ́ kí àkókò tí mò ń lò nínú ọkọ̀ ṣòfò mọ́. Ìwàásù kan ní àlọ. Ní àbọ̀, fóònù á ka Bíbélì sí mi létí. Inú Golf ni mo ti gbọ́ Májẹ̀mú Tuntun láti Mátíù dé Ìfihàn. Mo tilẹ̀ jẹ́rìí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi.

Oríta

Oṣù Kẹta ni, ìgbà kajú. Màmá kan jókòó tì mí lẹ́yìn ọkọ̀, ó gbé àpò kajú kan lé itan, ìdajì àpò náà sì wà lórí itan tèmi. Mo ti gbàdúrà, mo ti ki íápíìsì sétí. Màmá ń sọ̀rọ̀. Mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń lọ. Mo yọ ọ̀kan díẹ̀, mo gbọ́ "iye tí wọ́n ń rà á lọ́dún yìí", mo ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, màmá, Ọlọ́run á ṣe é," mo sì dá a padà sétí.

₦500 ni owó ọkọ̀. Èmi fún dírẹ́bà ní ₦1,000, màmá náà fún un ní ₦1,000. Dírẹ́bà tú àpò rẹ̀ títí, kò rí ṣéńjì. Ó na ẹyọ ₦1,000 kan jáde lójú fèrèsé, ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, mo so yín pọ̀." Ó wa ọkọ̀ lọ.

Ẹni tó bá ń wọ ọkọ̀ mọ ìyà tó wà nínú gbólóhùn yẹn. Ẹni tí o kò mọ̀ rí lẹ máa jọ wá ṣéńjì kiri bí ìbejì. Èmi ni mo gba owó náà, torí ọwọ́ tèmi ló yá. Màmá ní kí n lọ bi oníbúrẹ́dì tó wà lódìkejì, ó sì jókòó lórí àpò kajú rẹ̀ lábẹ́ igi. Oníbúrẹ́dì ní òun ò tíì tajà. Mo kọjá sọ́dọ̀ oníkáàdì, òun náà ò ní. Ibi tí mo ti ń bá ẹnì kẹta sọ̀rọ̀ ni ọlọ́kadà tó máa ń gbé mi ti yọ: "Tíṣà! Ẹ ti pẹ́ o!" Aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n máa ń fa ìlà pupa sínú ìwé tí a ń kọ orúkọ sí. Mo gun ọ̀kadà.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ "láìmọ̀" yẹn. Ohun tí mo sọ fún ìyàwó mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni pé mo gbàgbé. Ohun tí mo sọ fún Ọlọ́run náà nìyẹn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé a ò tíì rìn jìnnà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gun orí afárá kékeré tó wà níwájú oríta ni mo rántí. Bí mo bá wẹ̀yìn, màá ṣì rí igi tó jókòó sábẹ́ rẹ̀. Mo lè lu ọlọ́kadà léjìká pé kó yí padà. Kò ní gbà wá ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Mo rò ó. Mo ṣírò rẹ̀ bí tíṣà ìṣirò: ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìlà pupa, ₦500. Mo ní, "Màá rí wọn lọ́la." Mi ò wẹ̀yìn.

Lọ́sàn-án tí mo padà dé oríta, kò sẹ́nì kankan lábẹ́ igi. Lọ́jọ́ kejì náà, kò sẹ́nì kankan. Mo ní kí n bi dírẹ́bà, wọ́n ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti nọ́ọ̀kì, ó wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Mo ti ṣẹ́ ẹgbẹ̀rún náà, mo ti ná ìdajì tèmi, ìdajì tirẹ̀ wá jókòó sí mi láyà.

Ọ̀rọ̀ tí dírẹ́bà sọ

Ó di ọ̀sẹ̀ kẹta kí Golf náà tó padà sí gáréèjì. Mo wọlé, ẹlòmíràn ló jókòó sáyè màmá. Dírẹ́bà bojú wẹ̀yìn bó ti máa ń ṣe. "Tíṣà, ẹ gbàdúrà fún wa."

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo dúpẹ́ fún oorun àná, mo dúpẹ́ pé a jí. Mo fi taya lé Ọlọ́run lọ́wọ́, mo fi bíréèkì lé e lọ́wọ́, mo fi ojú ọ̀nà lé e lọ́wọ́. Mo dé "Olúwa yóò pa àlọ", ohùn mi sì há. Mo tún un bẹ̀rẹ̀, ó tún há síbẹ̀. Àwọn èrò rò pé Ẹ̀mí ló bà lé mi, obìnrin kan ti ń ké "Jésù! Jésù!" lẹ́yìn mi. Kì í ṣe Ẹ̀mí. Tàbí kẹ̀, Òun ni, mi ò mọ̀. Ọmọkùnrin kan tó jókòó níwájú ló bá wa fi "ní orúkọ Jésù" dé e, ọkọ̀ sì ṣí. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò ki nǹkan kan sétí.

Bí a ti dé oríta, mo dúró ti fèrèsé dírẹ́bà. Mo ní, "Ẹ rántí màmá oníkajú tí ẹ so mọ́ mi lọ́jọ́sí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi gan-an ti fẹ́ bi yín. Nígbà tí mo gbé èrò ẹlẹ́ẹ̀kejì dé lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ṣì wà lábẹ́ igi. Mo gbé ẹlẹ́ẹ̀kẹta dé, wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Mo ní, 'Màmá, ta lẹ ń retí?' Wọ́n ní tíṣà lọ wá ṣéńjì. Mo ní, 'Màmá, tíṣà ti wà níléèwé láti àárọ̀!' Wọ́n ní, 'Á padà wá. Ṣebí òun ló gbàdúrà fún wa.'"

Ó ní ẹni tó ń ra kajú lọ́wọ́ wọn kò wá lọ́jọ́ náà. ₦500 yẹn ni màmá fẹ́ fi wọkọ̀ padà sí Kàbà. Nígbà tí oòrùn mú, òun gbé wọn, òun ò gba kọ́bọ̀.

Mo dúró síbẹ̀ títí ọkọ̀ fi lọ. Mo gbàdúrà fún àbọ̀ obìnrin yìí láàárọ̀, mo sì gbé owó àbọ̀ rẹ̀ sápò.

Àlọ ni ti ahun

Gbogbo wa la mọ ìtàn ahun tí àna rẹ̀ so mọ́ ẹ̀bá ọ̀nà nítorí iṣu tó jí, mi ò ní tún un sọ. Ohun tó ń gbà mí lọ́kàn ni àwọn tó ń ná ọjà. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n dá ahun lẹ́bi. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, wọ́n bá a lórí ìdè síbẹ̀, wọ́n sì dá àna rẹ̀ lẹ́bi. *Àlọ ni ti ahun, àbọ̀ ni ti àna rẹ̀.* Ahun kò yí padà, okùn kò yí padà. Àwọn tó ń wò ó ló tún gba ibẹ̀ kọjá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni tèmi. Láàárọ̀, kò sẹ́ni tó lè bá mi wí: ọkọ̀ pẹ́, kò sí ṣéńjì, iṣẹ́ ń dúró. Bí wọ́n bá ní kí n ro ẹjọ́ mi lórí afárá yẹn, màá jàre. Ṣùgbọ́n dírẹ́bà kọjá lẹ́ẹ̀kan, ó kọjá lẹ́ẹ̀kejì, ó kọjá lẹ́ẹ̀kẹta, obìnrin kan ṣì jókòó lórí àpò kajú. Ìgbà kẹta tó fi kọjá yẹn, ta ló jàre?

Mo wá rí i pé gbogbo àdúrà tí a ń gbà ní gáréèjì, àlọ la ń gbà á fún. Kí a ṣáà dé. Bí a bá dé, a ti parí pẹ̀lú ọ̀nà, a ti parí pẹ̀lú àwọn tó jókòó tì wá. Ẹni tó ń lọ sí Èkó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún lè máa rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ pé ọ̀nà kan náà ló ń gbà lójoojúmọ́ kò lè ṣe bí àlejò lórí rẹ̀. Àwọn àgbà sọ ọ́ lọ́nà tí mi ò lè tún sọ lórí àga ìwàásù: ẹni tó bá ṣu sọ́nà, á bá eṣinṣin nígbà tó bá ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ íápíìsì tún dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò sọ pé kò dáa kéèyàn gbọ́ ìwàásù nínú ọkọ̀. Mo ṣì ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń wá Ọlọ́run lórí ọ̀nà yẹn, bí mo ṣe máa kó Ọlọ́run wọ inú ọkọ̀ ni mò ń wá, bí ẹni tó ń di ẹrù sí búùtù. Kò sọ sí mi lọ́kàn pé Ó ti lè wà nínú ọkọ̀ kí n tó dé, pé ìdajì àpò kajú Rẹ̀ ló wà lórí itan mi yẹn. "Níwọ̀n bí ẹ̀yin ti ṣe é fún ọ̀kan nínú àwọn arákùnrin mi tí ó kéré jù lọ" wà nínú Mátíù 25. Mo ti gbọ́ ọ nínú Golf. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ lọ́jọ́ tí ẹnì kan ń bá mi sọ̀rọ̀ tí mo ń mi orí.

Ẹni tó ní òun ń padà bọ̀

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ìtàn ará Samáríà rere bí ẹni tó ń wọkọ̀ lójoojúmọ́. Lúùkù 10 ní àlùfáà tó rí ẹni tí àwọn ọlọ́ṣà lù nílùkulù, tó sì gba ẹ̀gbẹ́ kejì kọjá, ń sọ̀kalẹ̀ lọ ni. Orí òkè ni Jerúsálẹ́mù wà, Jẹ́ríkò sì rẹlẹ̀ ju ojú òkun lọ. Ẹni tó bá ń sọ̀kalẹ̀, ó jọ pé ó ti ṣe tán ní tẹ́ńpìlì, ilé ló ń lọ. Kò sí ìdí tí a fi máa rò pé kò gbàdúrà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Bóyá òun gan-an ni wọ́n máa ń ní kó gbà á fún wọn.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ 35 ló mú mi. Ará Samáríà yọ owó dínárì méjì. Mátíù 20 sì jẹ́ ká mọ̀ pé dínárì kan ni owó iṣẹ́ òòjọ́ alágbàṣe. Ó kó o fún olùtọ́jú ilé èrò, ó ní ohunkóhun tó bá ná lé e, òun á san án nígbà tí òun bá padà dé. Nígbà tí òun bá padà dé! Láti ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni mo ti ń ka ìtàn yìí, mi ò kíyè sí gbólóhùn yẹn rí. Ọkùnrin yìí máa ń ná ọ̀nà náà. Olùtọ́jú ilé èrò gbà á gbọ́ láìbéèrè onídùúró, ó jọ pé ó mọ ojú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó so òun àti ẹni tí wọ́n lù nílùkulù pọ̀. Òun ló so ara rẹ̀, tó sì fi okùn náà sílẹ̀ de àbọ̀ ara rẹ̀.

Mi ò fẹ́ ká rò pé ohun dídùn ni kí wọ́n soni pọ̀ nígbà gbogbo. Nígbà tí wọ́n kó Ajàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣoògùn lọ́dún 1821, òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé okùn ni wọ́n jù sí wọn lọ́rùn, tí wọ́n so wọ́n pọ̀ bí ewúrẹ́. Àlọ rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ tí wọ́n fi okùn fà lọ yẹn ló bá ọkọ̀ ojú omi gba odò Ọya padà wá ní 1841. Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, iléèwé tó dá sílẹ̀ ní Lọ́kọ́jà ní 1865 ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Ó sì wà lára àwọn tó ṣe Bíbélì tí àwa fi ń pe "àlọ àti àbọ̀" nínú ọkọ̀. Bí mo bá dé ẹsẹ̀ yẹn nísinsìnyí, mo máa ń rò ó pé ẹni tó mọ ohun tí àbọ̀ ń jẹ́ ló bá wa fi í sí Yorùbá.

Lọ́jọ́ Sátidé

Dírẹ́bà júwe ilé fún mi. Etí ìlú Kàbà ni. Ìlú kan náà là ń gbé láti ọjọ́ yìí wá.

Sakéù wà lọ́kàn mi bí mo ṣe ń lọ, ẹni tó ní bí òun bá rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, òun á san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Mo mú ₦500 tó wà lápò àyà mi, mo fi mẹ́ta mìíràn kún un. Mo tilẹ̀ ti gbọ́ "àmín" tí wọ́n máa ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì bí mo bá jẹ́rìí rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọkàn èèyàn burú.

Mo bá a lẹ́yìn ilé, ó ń ṣa kajú tó sá, ó ń ya èyí tó dáa sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ti bàjẹ́. Mo ní, "Ọ̀kun o, màmá." Ó gbójú sókè, ó wò mí títí.

"Háà, tíṣà tó gbàdúrà."

Mo kúnlẹ̀ (mi ò dọ̀bálẹ̀, kajú kún ilẹ̀), mo kó owó náà lé e lọ́wọ́. Ó kà á. Ó mú ọ̀kan, ó na mẹ́ta padà sí mi. Ó ní, "Èwo wá ni ti ìyókù yìí?"

Mo ní, "Ti Sakéù ni, mà."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Sakéù jalè. Ìwọ gbàgbé ni."

Mo lè jẹ́ kó parí síbẹ̀. Ó ti rẹ́rìn-ín, ó ti gba owó rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ló sì ti jáde, kì í ṣe ẹnu tèmi. Mo ní, "Màmá, mi ò gbàgbé. Mo rántí yín lórí afárá. Mo rántí, mo sì ń lọ."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó padà sídìí kajú rẹ̀, ó ń ṣà á, kò wò mí. Adìyẹ kan wá ṣa díẹ̀ jẹ, kò lé e. Orúnkún ti ń dùn mí. Nígbà tó pẹ́, ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan sí mi.

"Jókòó. Ṣé o rántí ohun tí mò ń bá ọ sọ nínú ọkọ̀?"

"Rárá, mà. Mi ò gbọ́."

"Mo mọ̀ pé o ò gbọ́." Ó da ẹ̀kúnwọ́ kajú kan síwájú mi kí n bá òun ṣà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, láti orí iye tí wọ́n rà á lọ́dún tó kọjá.